Ọ̀pá Idẹ Márùn-ún

Òtútù ló dá kọ́kọ́rọ́ mi sí méjì
lẹ́nu ọ̀nà, nílùú Winnipeg, ní kùtùkùtù Ọjọ́bọ̀.
Ibi iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀, ẹsẹ̀ mi ti kú nínú bàtà.
Ìdí kọ́kọ́rọ́ kù sí mi lọ́wọ́,
eyín rẹ̀ há sí ọ̀fun ilẹ̀kùn bí egungun ẹja.

Bàbá Lacsamana dé pẹ̀lú àpótí irin,
arúgbó ará Fílípíìnì, láti òpópónà Sargent.
Kò kí mi tán tó fi kúnlẹ̀ sórí yìnyín.
Ó fi irin tín-ín-rín wá eyín náà kàn, ó fà á jáde,
ó wò ó, ó tún tì í padà sínú ihò,
ó fi irin pẹlẹbẹ yí i. Ilẹ̀kùn gbà.
Ó ní, “Ṣé o rí i?
Ibi tí ò ń dì mú yẹn, kò mọ nǹkan kan.”

Orí tábìlì ìdáná ló ti tú u palẹ̀,
páálí ẹyin ló fi ṣe àwo.
Àgbá idẹ kékeré wà nínú àgbá idẹ ńlá
bí ìka ṣe ń wà nínú òrùka:
ti inú ló yẹ kó yí, ti ìta kò gbọdọ̀ mì.
Ihò márùn-ún gba inú àwọn méjèèjì,
nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá méjì gun ara wọn lórí,
sípíríǹgì sì ń tẹ̀ wọ́n
bí ọwọ́ ṣe ń tẹ gààrí mọ́nú kóńgò.
Bí kò bá sí kọ́kọ́rọ́, ọ̀pá òkè á sọ̀ kalẹ̀,
ìdajì rẹ̀ nínú àgbá ńlá, ìdajì nínú kékeré.
Ìyẹn náà ni títì.
Kì í ṣe agbára.
Ẹnì kan ló dúró lé ààlà,
kò wọlé, kò jáde.

Mo to àwọn ọ̀pá ìsàlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi.
Ọ̀kan gùn, ìkejì kúrú, ìkẹta tún gùn díẹ̀.
Ìka ò dọ́gba, mo ti gbọ́ ọ láti kékeré,
ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi
pé a lè gbẹ́ irin kan
kó jìn níbi tí ọ̀pá ti gùn,
kó ga níbi tí ọ̀pá ti kúrú,
kí orí gbogbo wọn bára dé ojú ìlà kan ṣoṣo.

Bó ṣe ń tò ó padà ni sípíríǹgì kan fò lọ.
A kúnlẹ̀, èmi àti arúgbó, a ń ra ilẹ̀ wá a,
àṣé ó lẹ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀ mi.
Kò tóbi ju irun ìpéǹpéjú lọ,
òun ló sì ń ṣọ́ ìwé ìrìnnà mi.

Ó ní kí n lọ yá kọ́kọ́rọ́ aládùúgbò wá.
Ó wọ ihò wẹ́rẹ́, bí ọmọ onílé.
Mo yí i. Rárá.
Ọ̀pá mẹ́rin ti gbà,
ìkẹrin láti ẹnu ọ̀nà ló fi ìwọ̀n irun kan ga jù.
Mo rántí ẹ̀yìnkùlé wa l'Ókukù,
okùn la fi ń so ilẹ̀kùn ibẹ̀;
ẹni tó bá mọ bí ìyá mi ṣe ń ta kókó
kò nílò láti kan ilẹ̀kùn.

Ó jáde lọ gé tuntun nínú ọkọ̀ rẹ̀.
Ó bi mí pé ẹni mélòó ló ń gbé ilé yìí.
Mo ní èmi nìkan.
Ó gé méjì, owó ọ̀kan ló gbà.

Ọ̀kan wà nínú àpò aṣọ òtútù mi.
Èkejì ṣì wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn,
ó mọ gíga ọ̀pá márààrùn-ún,
kò tíì mọ ọwọ́ ẹnì kankan.